Àwọn ọ̀ta kan náà ló ń kó ẹ̀bùn lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ chess ti sá: kí la fẹ́ ṣe sí ìdíje wa?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ chess kékeré kan ni wá, a máa ń ṣe ìdíje ọlọ́jọ́ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a ṣe é, èèyàn 40 ló wá, inú wa dùn gan-an. Ìkejì, wọn ò tó 30 mọ́. Èyí tá a ṣe kẹ́yìn yìí, 14 péré. Ráùndì mẹ́rin la máa ń ta, Swiss, gbogbo èèyàn pa pọ̀. Àwọn mẹ́ta kan náà ló ń gba ipò kìíní dé ìkẹta nígbà gbogbo. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní àwọn ò lè máa sanwó kí wọ́n wá máa fi àwọn dárà. Ẹnì kan ní ká fowó kún ẹ̀bùn, ẹnì kan ní ká pín ìdíje sí ìsọ̀rí, àwọn ọ̀ta ní tá a bá pín in àwọn ò ní rí ẹni bá àwọn ta. Ẹlòmíì tiẹ̀ ní ká lé àwọn mẹ́ta yẹn dànù. Kí la fẹ́ ṣe? Èmi àbúrò yín."

Àbúrò mi, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí ò yà mí lẹ́nu rárá, ó pẹ́ tí mo ti ń ṣètò ìdíje chess tí mo sì ń ṣe rẹfirí, ibi tí tiyín dé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń dé. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, ohun tó ń dà yín láàmù jù ni pé ẹ rò pé ọ̀kan lẹ máa rí mú, yálà kẹ́ ẹ tẹ́ àwọn ọ̀ta lọ́rùn kí àwọn ọ̀pẹ sá, tàbí kẹ́ ẹ tọ́jú àwọn ọ̀pẹ kí àwọn ọ̀ta bínú lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà làwọn méjèèjì ń wá o, gémù tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ẹni tó máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jókòó. Ọ̀ta náà ò gbádùn kó máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún na ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ẹṣin ṣe ń fò, ó kàn ń fara dà á ni torí ẹ̀bùn tó wà níwájú. Tẹ́ ẹ bá fi èyí sọ́kàn, gbogbo nǹkan tó kù á rọrùn díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jù sílẹ̀ ni èrò pé àwọn èèyàn sá torí pé wọ́n ń nà wọ́n. Rárá o. Gbogbo gémù tí ẹnì kan bá jẹ, ẹnì kan ló pàdánù ẹ̀, so tó bá jẹ́ pípàdánù nìkan ló ń lé èèyàn, chess ì bá ti kú tipẹ́. Mo ti rí ẹni tó pàdánù gémù mẹ́rin nínú márùn-ún tó sì ń bi mí ìgbà tá a tún máa ṣe òmíì, torí pé mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ. Mo sì ti rí ẹni tó jẹ méjì tó pàdánù méjì tí ò padà wá mọ́, nítorí pé méjèèjì tó jẹ, ọmọdé ló jẹ, méjèèjì tó pàdánù, kò tiẹ̀ yé e ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìṣirò rating, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí agbára ẹnì kan ṣe tó hàn, fúnra ẹ̀ á sọ fún ẹ. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Họ́ńgárì tó wá ń gbé Amẹ́ríkà, ló ṣe ìṣirò tí FIDE, àjọ chess àgbáyé, gbà wọlé ní 1970, ohun tó sì sọ ni pé tí ẹnì kan bá fi 100 ju ẹnì kejì lọ, á máa kó bíi póíńtì 64 nínú 100 tí wọ́n bá jọ ta, tó bá fi 200 jù ú lọ á di bíi 76, tó bá wá fi 400 jù ú lọ ó ti lé ní 90 nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi 150 jù ṣì lè lálàá. Ẹni tí wọ́n fi 600 jù, kò sí nǹkan tó ń ṣe lórí àga yẹn ju kó máa dúró de ìgbà tó máa fọwọ́ sílẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ráùndì mẹ́rin yín ń ṣe fáwọn èèyàn. Swiss fúnra ẹ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa bá ẹni ta ní ráùndì kọ̀ọ̀kan, ò ní ẹ̀bi kankan. Ìlú Zürich ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 1895, Julius Müller ló gbé e kalẹ̀, kódà Chess Olympiad, ìdíje láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ti ń lò ó láti 1976 tí wọ́n ṣe é ní Haifa. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n ń lé lọ sílé, àwọn tí póíńtì wọn bá dọ́gba ló ń pàdé, ẹni méjì ò sì gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Wọ́n á to orúkọ látorí ẹni tó lágbára jù, wọ́n á gé e sí méjì lágbedeméjì, orí ìlà òkè á pàdé orí ìlà ìsàlẹ̀. Nínú èèyàn 40, nọ́ńbà 1 á bá nọ́ńbà 21 ta, nọ́ńbà 20 á bá nọ́ńbà 40 ta. Ká ní ẹni tó lágbára jù ló ń jẹ níbi gbogbo, nọ́ńbà 40 wa yìí, ráùndì kìíní 20 nà án, ráùndì kejì wọ́n tún gé àwọn tó pàdánù sí méjì, ó pàdé 30, ìyẹn náà nà án. Ìgbà tó di ráùndì kẹta ló tó rí 35, ẹni tó sún mọ́ ọn díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa rí ojúgbà ẹ̀ gan-an, ó ku ráùndì kan ṣoṣo, ó ti rẹ̀ ẹ́, inú ti ń bí i, ó tiẹ̀ lè ti lọ sílé. Ìdajì ọjọ́ ẹ̀ ló fi jẹ́ oúnjẹ ẹlòmíì. Ẹ lọ sókè náà kẹ́ ẹ wò ó, nọ́ńbà 1 bá 21 ta, ó bá 11 ta, ó bá 6 ta, lẹ́yìn náà ló tó kan àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ìdíje sì ti parí. Ráùndì mẹ́rin ò tiẹ̀ lè fún yín ní aṣáájú kan ṣoṣo láàárín èèyàn 40, torí èèyàn 16 ni ráùndì mẹ́rin lè yọ ẹnì kan nínú wọn, ráùndì márùn-ún 32, mẹ́fà 64. So ẹ máa ń ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jẹ gbogbo gémù wọn, ẹ wá ń fi tie-break, ìyẹn òfin tó ń ya àwọn tí póíńtì wọn dọ́gba, pín wọn, èyí tó ń bí àwọn ọ̀ta nínú, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi ìdajì ọjọ́ bí àwọn ọ̀pẹ nínú. Àbí ẹ rí nǹkan?

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fowó kún ẹ̀bùn, ẹ má bínú sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ńlá lórí ipò kìíní, àwọn tó mọ̀ pé àwọn lè gba ipò kìíní nìkan ló ń pè. Ẹ máa fi owó tí àwọn ọ̀pẹ san pe ọ̀ta láti ibòmíì wá nà wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀bùn fa gbogbo èèyàn, ẹ gé e kéékèèké kó sì kan ibi púpọ̀, ẹ mú bí ìdajì rẹ̀ fún àwọn tó gbé ipò, kẹ́ ẹ fi ìyókù sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i mú, bíi ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn tí ò ní rating, ẹni tó jẹ ẹni tó fi rating tó pọ̀ jù lọ jù ú, ọmọdé tó ṣe dáadáa jù, àgbàlagbà tó ṣe dáadáa jù. Èyí tó wà fún ẹni tó jẹ ọ̀ta yẹn, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí láti ráùndì kìíní ni gbogbo ọ̀pẹ ti ní nǹkan tó ń lé, gémù tí ì bá jẹ́ ìyà lásán wá di àǹfààní. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn méjì o, kó mú èyí tó tóbi jù kí ìkejì sún sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ sì ti sọ tie-break tẹ́ ẹ máa lò kí ráùndì kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo Buchholz, ìyẹn ni pé ẹ máa ro póíńtì gbogbo àwọn tí ẹnì kan bá ta pa pọ̀, ẹni tó bá àwọn tó lágbára ta ló ń mókè. Èyí tẹ́ ẹ bá mú nínú wọn, ẹ má fi pamọ́ di ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín owó, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago ló kàn, torí ẹ ò lè fi ráùndì kún ìdíje láì dín àkókò gémù kù. Ohun tí mo máa ń gba ẹgbẹ́ kékeré níyànjú ni ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí aago máa fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún un lórí gbogbo ìta tó bá ta, òun náà ni wọ́n ń lò níbi World Rapid Championship. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lórí ìta 60, ìṣẹ́jú 25 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, gémù tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ á fi díẹ̀ sún mọ́ wákàtí kan, ẹ lè ta ráùndì márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́jọ́ kan kí èèyàn ṣì ráyè jẹun. Ìṣẹ́jú-àáyá tó ń kún yẹn, Bobby Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ife àgbáyé chess rí, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1980, kì í sì ṣe àwọn ọ̀gá nìkan ló wúlò fún. Ọ̀pẹ tó ti fi ayaba kan ju ẹnì kejì lọ, tí aago wá ń lé, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, òun ló ń gbà là. Tẹ́ ẹ bá wá ní kẹ́ ẹ dín in kù di blitz oníṣẹ́jú mẹ́ta torí kí ráùndì lè pọ̀, ẹ ti pàdánù àwọn àgbàlagbà yín nìyẹn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ náà á máa pàdánù sọ́wọ́ aago dípò kí wọ́n pàdánù sórí pátákó, wọn ò ní kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Blitz dáa, ẹ fi sí ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀.

Fún ìwọ àti èèyàn 14 tó kù yìí, ká sọ̀rọ̀ tó ṣe é mú lò. Ẹ má ṣe Swiss onígbogboògbò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ to gbogbo orúkọ látòkè délẹ̀, ẹ gé e ní mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́rin àkọ́kọ́ á bá ara wọn ta, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e náà bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú mẹ́rin á pàdé gbogbo ara wọn, ráùndì mẹ́ta péré ni. Mẹ́rin-mẹ́rin méjì á kó èèyàn mẹ́jọ, mẹ́fà tó kù á ṣe Swiss kékeré tiwọn, ráùndì mẹ́ta náà. Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe. Àwọn ọ̀ta yín mẹ́ta àti ẹnì kẹrin tó ń lé wọn bọ̀, wọ́n ti wà nínú iná ara wọn, kò sí gémù ọ̀fẹ́ kankan fún wọn. Ẹni tó kéré jù nínú gbogbo yín wà pẹ̀lú àwọn tó jọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kó gba ipò kìíní nínú ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀. Ẹ ó ní olùborí mẹ́ta dípò ẹyọ kan. Tí àsìkò bá wà, ẹ yí mẹ́rin-mẹ́rin yẹn padà lọ́sàn-án, kí ẹni tó gba ipò kìíní nínú ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ gòkè, kí ẹni tó gbẹ́yìn lókè sọ̀kalẹ̀, ẹ ó rí bí ojú wọn á ṣe tàn. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn mẹ́rin kan náà lè máa bá ara wọn ta láti oṣù dé oṣù, á sú wọn. So mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di àṣà gbogbo ìgbà, ẹ fi kó èèyàn jọ padà, tẹ́ ẹ bá ti tó 24 sókè ẹ lè tún padà sí Swiss.

Ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ìsọ̀rí wá wúlò, kì í ṣe ìsinsìnyí. Àwọn ọ̀ta yín ò parọ́, tẹ́ ẹ bá gé èèyàn 14 sí ìsọ̀rí mẹ́ta kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n ta ráùndì márùn-ún, wọn ò ní rí ẹni bá wọn ta lóòótọ́. Ìsọ̀rí tí ò bá ti tó èèyàn mẹ́wàá, Swiss inú ẹ̀ máa ń há. Tẹ́ ẹ bá ti pọ̀, ìsọ̀rí méjì tó: òkè tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ìsàlẹ̀ tó ní ibi tí rating gbọ́dọ̀ mọ. Ẹni tó bá wà lábẹ́ tó bá fẹ́ gòkè lọ jẹ ìyà kó fi kọ́gbọ́n, ẹ jẹ́ kó gòkè, àwọn kan ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí ń dàgbà kíákíá pàápàá. Ẹni tó wà lókè ò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ máa gé e sí, ẹ má wo nọ́ńbà tó rí roboto, ẹ wo orúkọ àwọn èèyàn yín, ẹ wá ibi tí àlàfo wà láàárín wọn kẹ́ ẹ gé e síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé e sí 1500 nígbà tẹ́ ẹ ní èèyàn mẹ́fà láàárín 1480 sí 1520, ẹ ti ya àwọn tó dọ́gba nípá.

Ìyọnu ibẹ̀ ni àwọn tí ò ní rating. Láti oṣù kẹta 2024, FIDE ti gbé ìsàlẹ̀ rating láti 1000 lọ sí 1400, so ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lóòótọ́ ò sí lórí ìwé wọn rárá. Rating orí fóònù, ẹ lè fi wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹnì kan wà, ṣùgbọ́n ẹ má fi wé ti FIDE ní tààràtà, ti Lichess, ibi kan tí wọ́n ti ń ta chess lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pàápàá máa ń ga ju ti FIDE lọ. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ní rating tiyín nínú ẹgbẹ́. Kò le. Gbogbo èèyàn ní nọ́ńbà kan láti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn gémù kọ̀ọ̀kan ẹ yọ póíńtì tó yẹ kó gbà kúrò nínú èyí tó gbà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 40, ẹ rò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. 40 yẹn náà ni FIDE ń lò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹnikẹ́ni tó mọ Excel díẹ̀ á ṣe é. Àwọn èèyàn sì fẹ́ràn nọ́ńbà, ẹni tó pàdánù ìdíje tí rating ẹ̀ fi 22 gòkè á lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má fi owó ńlá sórí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń fi owó gidi sórí ìsọ̀rí àwọn tí ò tíì lágbára, tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń bá àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí rating wọn lè já wálẹ̀ jà. Ìwé ẹ̀rí, ife, ìwé chess, ìdíje ọ̀fẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ìyẹn ti tó. Kò sẹ́ni tó máa pàdánù gémù ogún torí ife.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lo accelerated pairing, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fún ìdajì òkè ní póíńtì àfarawé ní ráùndì àkọ́kọ́ kí wọ́n lè tètè pàdé ara wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ gan-an. Fún èèyàn bíi 20, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, tó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kì í ṣe, ni ìdíje ẹlẹ́gbẹ́-ẹgbẹ́. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ fi ààlà sí àròpọ̀ rating wọn. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní irú ìdíje yìí kan, U.S. Amateur Team, èèyàn mẹ́rin tí àròpín rating wọn ò gbọ́dọ̀ tó 2200, ó sì ń fa èrò gan-an. Ẹ̀yin á fi ààlà tiyín sísàlẹ̀ dáadáa. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ rèé: ọ̀ta tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ wá ọ̀pẹ kan mọ́ra, torí rating tiẹ̀ ti jẹ ààyè tán. Lójijì, ọ̀pẹ tí kò sẹ́ni tó ń kí tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí ọ̀ta mẹ́ta ń pè lórí fóònù. Pátákó kìíní ń bá pátákó kìíní ta, pátákó kẹrin ń bá pátákó kẹrin ta, so ojúgbà ló ń bá ojúgbà ta láti ráùndì kìíní, póíńtì pátákó kẹrin sì wúwo bí ti pátákó kìíní. Mo ti rí i tí ọ̀gá dúró lẹ́yìn ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ń làágùn, torí gémù ọmọ yẹn ló kù tó máa sọ bóyá wọ́n á jẹ. Àti pé ọ̀ta yẹn á kọ́ ọmọ yẹn lẹ́kọ̀ọ́ kí ọjọ́ ìdíje tó pé, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ẹnì kan ò wá, gbogbo ẹgbẹ́ ṣófo, ẹ ní láti gbà kí wọ́n mú ẹni àfidípò wá, kó jẹ́ ẹni tí rating ẹ̀ ò ju ti ẹni tí ò wá yẹn lọ.

Nǹkan kéékèèké kan wà tó ń lé èèyàn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tí iye èèyàn ò bá pé méjì-méjì, Swiss á ní kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jókòó kó gba póíńtì ọ̀fẹ́. Ẹ rò ó wò, ẹni tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń nà láti àárọ̀, tó sanwó, tó wá ta ayò, òun lẹ tún ní kó lọ jókòó. Ẹ máa ní ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó máa wà nílẹ̀ bí àfidípò, tí ò sí nínú ìdíje, tó máa wọlé tí èèyàn bá ṣẹ́ kù, kó sì jẹ́ ẹni tí agbára ẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tí ò bá lè wá ní ráùndì kan, ẹ jẹ́ kó gba ìdajì póíńtì tó bá ti sọ fún yín ṣáájú. Àti pé ẹ bẹ̀rẹ̀ lásìkò, jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní aago mẹ́wàá tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá, ọ̀ta á dúró torí owó, ẹni tó mú ọmọ wá á mú ọmọ ẹ̀ lọ.

Òfin náà ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tó ń ta nílé tàbí lórí fóònù ò mọ̀ pé tó bá ti fọwọ́ kan ọmọ ayò kan ó gbọ́dọ̀ ta á, torí fóònù kì í bá èèyàn jà. Kò mọ̀ pé ọwọ́ tó fi ta náà ló gbọ́dọ̀ fi tẹ aago. Kò mọ̀ pé òfin FIDE ní tó bá ta ohun tí òfin ò gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi àkókò kún ti ẹnì kejì, tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì ó ti pàdánù. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí lẹ́nu ọ̀ta tó ń pariwo lé e lórí láàárín gémù, ọjọ́ yẹn ló máa wá kẹ́yìn. Ẹ pe àwọn tuntun jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ráùndì kìíní, ẹ fi hàn wọ́n pẹ̀lú aago àti pátákó, ẹ sọ fún wọn pé tí nǹkan bá rú wọn lójú kí wọ́n dá aago dúró kí wọ́n pe rẹfirí. Kí rẹfirí yín náà má ṣe bí ọlọ́pàá. Ẹ wá ya tábìlì méjì sọ́tọ̀ sí ìta gbọ̀ngàn, kí àwọn tó bá ti ta tán lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tún gémù wọn wò pa pọ̀, kẹ́ ẹ bẹ àwọn ọ̀ta yín kí wọ́n máa ṣe é pẹ̀lú ẹni tí wọ́n bá nà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀ta fi fi ibi tó ti ṣìnà han ọ̀pẹ, òun ni ọ̀pẹ yẹn á máa sọ nílé, kò ní rántí pé wọ́n na òun.

O tún bi mí nínú ìbéèrè ẹ bóyá kẹ́ ẹ lé àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹ má dán an wò. Àwọn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù fi ń wọn ara wọn, ẹni tó bá gba ìdíje tí wọ́n lé àwọn mẹ́ta kúrò nínú ẹ̀, òun náà á mọ̀ pé òun ò gba nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá àwọn ọ̀pẹ ta lójúgbà, ẹ ṣe ọjọ́ eré tí ò kan rating, kí ọ̀ta ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ọ̀pẹ ní mẹ́wàá, tàbí kí ọ̀ta yọ ẹṣin ẹ̀ kan kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀, Paul Morphy tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta tó o láyé ìgbà tiẹ̀ yọ ẹṣin fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n eré ni kó wà, ẹ má sọ ọ́ di ìdíje gidi, torí ọgbọ́n tí àwọn èèyàn á máa dá lórí ẹni tó yẹ kó gba àǹfààní yẹn á pọ̀ ju chess lọ.

Ibi kan wà tí gbogbo ohun tí mo sọ yìí ò ní ran yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní 2100 tí ẹni tó tẹ̀ lé e wà ní 1500, kò sí pairing kankan tó lè bá a wá ojúgbà tí ò sí níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un, ẹ ní kó máa wá ta simul pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ sì sanwó fún un dípò kó máa gba ẹ̀bùn, tàbí kẹ́ ẹ bá ẹgbẹ́ míì tó sún mọ́ yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ jọ máa ṣe ìsọ̀rí òkè pa pọ̀. Bákan náà, àwọn 26 tó ti lọ, gbogbo wọn kọ́ ló máa padà. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ìkéde lásán ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n ráùndì tó kẹ́yìn tí wọ́n gbádùn, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ àwọn mẹ́ta tí wọ́n máa bá ta fún wọn kí wọ́n tó sanwó. Tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin yẹn bá ti lọ dáadáa, kọ̀wé sí mi iye tó wá, ká jọ wo ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gé ìsọ̀rí sí.